Má tíì fi Fortran sílẹ̀, Àdùkẹ́

Kúbwà, Àbújá

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé ọyẹ́ Sáríà ò tíì la ètè rẹ? Òrí tí o ní kí n rà ti wà lọ́wọ́ ẹni tí yóò gbé e wá.

Mo ti ka ohun tí o kọ. O ní ọ̀gá rẹ gbé WRF, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ ojú ọjọ́ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi Fortran kọ, lé ọ lọ́wọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ sì ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé èdè kọ̀ǹpútà àwọn baba ńlá lò ń kọ́. Wọn ò purọ́ lórí ọjọ́ orí rẹ̀ o. Ọdún 1957 ni John Backus àti ikọ̀ rẹ̀ ní IBM gbé Fortran jáde, wọn ò tíì bí èmi gan-an. Ṣùgbọ́n bi wọ́n léèrè: ìṣirò mátíríìsì tí NumPy, irinṣẹ́ ìṣirò Python wọn, ń ṣe, ta ló ń bá a ṣe é lábẹ́lẹ̀? LAPACK ni, àkójọ kóòdù ìṣirò kan, Fortran ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Kóòdù ojú ọjọ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tún kọ wéré. Bí o bá tún un kọ, o gbọ́dọ̀ fi hàn pé òjò tí tuntun ń sọ tẹ́lẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, owó àti èèyàn tí ìyẹn ń gbà ò sì kéré.

Síbẹ̀, mi ò ní tàn ọ́. Ní 2023, àwọn onímọ̀ kan ní Los Alamos ní Amẹ́ríkà wo ewu tó wà nínú kí iṣẹ́ pàtàkì gbára lé Fortran fún ọdún 15 sí i. Ohun tó ń kọ wọ́n lóminú ni pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ń dín kù, àti pé GPU tuntun, ẹ̀rọ tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ìṣirò lẹ́ẹ̀kan náà, lè máa sáré fi kọ̀ǹpáílà rẹ̀ (èyí tó ń yí kóòdù sí èdè ẹ̀rọ) sílẹ̀. Èmi gbà wọ́n gbọ́. Àwọn SciPy pàápàá, tí wọ́n ń ṣe irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì fún Python, ti ń fi C àti Python rọ́pò Fortran tó wà nínú tiwọn. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìlànà tuntun, Fortran 2023, jáde. Èdè tó ti kú kì í gba ìlànà tuntun, ṣùgbọ́n oko rẹ̀ ń kéré sí i.

Nítorí náà, kọ́ ọ débi tí wàá fi lè ka iṣẹ́ ẹlòmíì, tí wàá sì lè kó o lọ sórí GPU. Kọ́ C++ mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ Àbújá tó ń ṣe áàpù ò ní bi ọ́ ní Fortran. Iṣẹ́ ojú ọjọ́ àti físíìsì ló ń wá a, ẹni tó bá sì mọ èdè méjèèjì kì í pọ̀ níbẹ̀.

Bí o bá ṣí fáìlì àtijọ́, kọ́kọ́ wò ó bóyá `implicit none`, ìlà tó ń sọ ọ́ di dandan kí o kéde gbogbo orúkọ, wà lókè. Bí kò bá sí, orúkọ tí o kò kéde tó bá bẹ̀rẹ̀ láti I dé N, nọ́ńbà odidi ni ẹ̀rọ yóò kà á sí. Bí o bá ṣèèṣì kọ `temp` ní `tepm`, kò ní bá ọ wí, á dá òmíràn sílẹ̀ ni, òjò rẹ á sì lọ rọ̀ sí Sàhárà. Nínú lúùpù tó wọnú ara wọn, àtọ́ka (index) àkọ́kọ́ array, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà, ni kó wà ní inú pátápátá, torí bí Fortran ṣe ń tò ó sí mẹ́mórì nìyẹn. C ń tò ó lódìkejì. Gbé e sódì lẹ́ẹ̀kan, kí o wo bí yóò ṣe máa wọ́.

Fi èyí tó le jù ránṣẹ́ kí n bá ọ wò ó ní Sátidé. Bàbá rẹ ní kí o má rìnrìn alẹ́ lọ́nà Kàdúná o.

Ìyá rẹ