Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ra òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́

Àbúrò mi,

Mo ti wo gbogbo fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. O ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé ní abúlé kan ní Amẹ́ríkà, o ò tíì sùn níbẹ̀, o ti ń wá ẹni tí yóò wó inú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń lé ọ?

O ní yàrá méjìlá, balùwẹ̀ kan ṣoṣo, ta ló ń kọ́ irú ilé báyìí? Àwọn tó kọ́lé de èrò rélùwéè ni. Èrò á sọ̀ kalẹ̀ lálẹ́, á sùn, ilẹ̀ á mọ́, ó di ọ̀nà. Yàrá gbàǹgbà ìsàlẹ̀ tí o fẹ́ sọ di gáréèjì ńkọ́? Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àwọn alárìnkiri ọjà ti ń tú àpótí wọn tí wọ́n ń pàtẹ, kí àwọn onísọ́ọ̀bù wá yẹ̀ ẹ́ wò. Òtẹ́ẹ̀lì ìgbà náà sábà máa ń ní irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi fà sí i gan-an.

Ọtí ló sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ wọn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Láti 1920 títí di 1933 tí òfin fi de ọtí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ kógbá sílé. Mọ́tò náà tún dé. Ní 1925, wọ́n ṣí ilé kan ní San Luis Obispo, ní California, tí wọ́n pè ní motel: páàkì síwájú yàrá rẹ, wọlé sùn. Ta ni yóò tún máa ru ẹrù gun àtẹ̀gùn? Lẹ́yìn òfin 1956 tí Amẹ́ríkà fi kọ́ títì márosẹ̀ káàkiri, títì ńlá yà kúrò lára ọ̀pọ̀ abúlé, èrò ò gba ibẹ̀ kọjá mọ́.

Ẹni tó tà á fún ọ ní àwọn ayálégbé ló gbà á, kó tó di ilé àwọn arúgbó. Wo fọ́tò kẹrin dáadáa. Nọ́ńbà 6 tí wọ́n fi idẹ ṣe ṣì wà lára ilẹ̀kùn, ọ̀dà aláwọ̀ ewé ló bò ó. Ihò àgádágodo mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ti ayálégbé nìyẹn. Irin tí arúgbó ń dì mú wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bó bá di dandan, wó pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó pín yàrá ìsàlẹ̀ sí méjì; ó hàn pé nígbà tó yá ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Ilẹ̀kùn 6, má fọwọ́ kàn án. Mò ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, mo fẹ́ fọwọ́ ara mi ha ọ̀dà yẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ