Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì: má jẹ́ ká kọ́ ilé Kánádà sí Ifẹ̀

Parakin,
Ilé-Ifẹ̀.

Ìyá Ìbejì ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú òtútù o, ìwọ àti bàbá wọn àti àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níhìn-ín, a dúpẹ́.

Àwòrán ilé tí o fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Èmi àti bíríkìlà ti lọ sórí ilẹ̀ náà, a ti wo ibi tí oòrùn ti ń yọ àti ibi tó ń wọ̀ sí. Ilé náà rẹwà, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ilé Kánádà ni. Lọ́dọ̀ yín, wọ́n ń kọ́lé kí ooru má baà jáde ni, wọ́n á dí gbogbo ihò pa. Níbí, ọ̀nà tí ooru máa gbà jáde là ń wá. Tí a bá kọ́ ọ bó ṣe wà yẹn, kò sẹ́ni tó máa lè gbé inú rẹ̀ láìsí A/C, owó ẹ á sì máa tinú àpò rẹ jáde lóṣooṣù.

Mo mọ̀ pé o ti ní sólà lọ́kàn, inú mi sì dùn sí i. Àmọ́ ká kọ́kọ́ kọ́ ilé tí kò ní máa jẹ iná ná. A/C oní-họsipáwà kan ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 1,000. Tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 láìsinmi, yúnìtì 8 ti lọ nìyẹn. Fáànù àjà tó ń jẹ wáàtì 70 kò ní jẹ tó yúnìtì kan láàárín wákàtí 8 yẹn. Ìwọ náà gbọ́ pé ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní àwọn á máa fún níná jù lọ lójúmọ́, fò láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 lórí yúnìtì kan. Ẹni tó bá lọ ra bátìrì ńlá sínú ilé tó ń gbóná, agbọ̀n ló fi ń pọnmi.

Yàrá àwọn ìbejì ló ká mi lára jù. Ìwọ̀ oòrùn gan-an ló kọjú sí, gíláàsì ńlá ló wà níbẹ̀, kò sí ohunkóhun tó ṣíji bò ó. Ibẹ̀ náà ni yàrá tèmi kọjú sí. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí mo bá fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, ó ṣì ń gbóná. Ọ̀sán ni búlọ́ọ̀kì ń gba oòrùn sára, ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ sùn ló ń tú u sílẹ̀. Nítorí náà, jẹ́ ká yí ilé náà padà: kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí èyí tó kúrú kọjú sí ìlà àti ìwọ̀ oòrùn. Ilé ìwẹ̀, sítọ́ọ̀ àti àtẹ̀gùn ni ká kó sí ìwọ̀ oòrùn, torí kò sẹ́ni tó ń sùn síbẹ̀. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé lára ògiri méjì, kí atẹ́gùn ríbi wọlé, kó ríbi jáde. Àwọn fèrèsé tí wọ́n ń fà lọ fà bọ̀ yẹn, ìdajì péré ló ń ṣí. Èyí tó ń ṣí gbayawu ni kí o jẹ́ ká lò.

Ó ku òrùlé. Wọ́n ti fi parapẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ògiri kúkúrú tó ń bo pàánù, yí i ká, kò yọ etí rárá. Òun ló wà lóde báyìí, àmọ́ mi ò fẹ́ ẹ. Ṣé o rántí àwọn ilé Humanities ní Ifásitì wa? Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì tó ya àwòrán ọgbà yẹn ní àwọn ọdún 1960, mú kí àjà òkè máa yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ọ̀sán gangan là ń dúró nísàlẹ̀ níbẹ̀ tí oòrùn kì í tẹ̀ wá, òjò á máa rọ̀, a ó máa gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí kíláàsì. Àlejò ni, ó sì wo ojú ọjọ́ ibi tó dé kó tó kọ́lé. Ṣé ó wá yẹ kí àwa ọmọ onílùú máa kọ́ ilé tí òjò á máa na ògiri rẹ̀?

Àwọn baba wa náà mọ ilé tó bá ojú ọjọ́ wa mu, wọ́n ń fi àgbàlá sáàárín ilé. Àgbàlá tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, tí wọ́n ń hú jáde nílẹ̀ Ifẹ̀ títí dòní, wọ́n to àpáàdì náà ní ìdúró ti ara wọn, wọ́n sì ri ìkòkò mọ́ àárín àwọn mìíràn. Bí owó bá ká a, mo fẹ́ kí ilé rẹ ní àgbàlá kékeré láàárín, kí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ máa gba ibẹ̀ wọ yàrá. Bí kò bá ká a, ká ṣáà fi gọ́tà darí omi òjò orí pàánù sínú táńkì, a ò ní máa tan pọ́ńpù ní gbogbo ìgbà. Pàánù náà, kí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Dúdú tí o yàn yẹn máa ń fa ooru.

Gílóòbù LED kò le rárá: oní-wáàtì 9 ń ṣe iṣẹ́ tí oní-60 àtijọ́ ń ṣe. Fíríìjì oní-inverter tí kì í jẹ iná púpọ̀ náà, a ó rà á tó bá yá. Ṣùgbọ́n ṣé o rí íńtálọ́ọ̀kì tí wọ́n fẹ́ tẹ́ káàkiri àyíká ilé? Jọ̀ọ́, ojú ọ̀nà mọ́tò nìkan ni kó mọ. Jẹ́ kí ilẹ̀ tó kù ríbi mu omi, ká gbin koríko sí i. Bíríkìlà ní òun á gé igi máńgòrò tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn. Mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Jọ̀ọ́, bá ayàwòrán-ilé rẹ sọ̀rọ̀ kó tún un yà kí a tó gbẹ́ fáńdéṣọ̀n. Mo ti sọ fún bíríkìlà pé kó ní sùúrù. Tí tuntun bá ti dé, èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ gba ìwé àṣẹ. Tí ohun kan bá wà nínú ọ̀rọ̀ mi tí kò tẹ́ bàbá wọn lọ́rùn, kó pè mí, màá ṣàlàyé fún un. Bá mi kí àwọn ìbejì dáadáa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Tóbi