Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ epo pupa wò lọ́jà Ìbàdàn

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí n'Íbàdàn níbí. Aró pupa kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá àyẹ̀wò wa, Sudan III lorúkọ rẹ̀. Òun la fi ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń dá ọ̀rá mọ̀. Ẹ kán an sínú omi tí òróró ẹ̀pà léfòó lórí rẹ̀, kí ẹ mì í, kí ẹ jẹ́ kó sinmi. Omi á wà bó ṣe wà, òróró nìkan ni yóò pọ́n. Àwọn ọmọ a máa pariwo.

Ìbátan rẹ̀, Sudan IV, ni àwọn kan ń dà sínú epo pupa. Aró ìda àti pólíìṣì ni, ẹnikẹ́ni kò ṣe é fún ẹnu. NAFDAC ti kìlọ̀ nípa epo aláró. Ní 2015, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Gánà bá a nínú epo tí wọ́n ń tà láwọn ọjà Accra.

Ó dé ilé tèmi náà. A ra kẹ́ẹ̀gì epo kan nígbà tí a fẹ́ sọ ọmọ-ọmọ wa lórúkọ, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ìyàwó mi fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, pupa kò lọ. Mo bá gbé díẹ̀ kaná. Kàrótìn ló ń mú epo tòótọ́ pọ́n, kàrótìn kì í sì í fara da iná púpọ̀. Bó bá ti ń gbóná ni àwọ̀ ń ṣí. Tiwa kò ṣí. Yàrá àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ èyí tó dájú, ṣùgbọ́n mo da gbogbo rẹ̀ nù. N kò ní bú ìyá tó tà á fún wa. Láti ẹbu títí dé ìsọ̀ rẹ̀, ọwọ́ mélòó ni epo náà ti gbà kọjá?

Àwọn kan á bi mí pé ṣé ó ń pa ni. Ẹ̀rí pé ó ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn kò tíì tó fún ìdájọ́. Ṣùgbọ́n bí ara bá tú aró yìí, lára ohun tó ń yọ jáde wà nínú èyí tí àwọn onímọ̀ ń fura sí pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gbà á láyè nínú oúnjẹ. Ní oṣù Èrèlé 2005, nítorí ata gígún kan tí Sudan I wà nínú rẹ̀, wọ́n kó oríṣi oúnjẹ tó lé ní 400 kúrò lórí àtẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ata lásán!

Ìbàdàn kò ṣaláìní yàrá àyẹ̀wò. Yunifásítì wà, Pólì wà, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, náà wà. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti NAFDAC máa bu epo ní Bódìjà, Ọjà Ọba àti Ọ̀jẹ́ lóṣooṣù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ̀yin sì máa tẹ èsì rẹ̀ jáde. Èyí tó bá ní aró, kí wọ́n tọ ipa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó pò ó.

Ẹ̀yin oníbàárà ẹgbẹ́ mi, ẹ dákun, ẹ yé bi ẹlẹ́po pé èwo ló pọ́n jù.

Olùkọ́ báyọ́lọ́jì kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn