Ìkéde: Àwọn wolé-wolé ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀

Ẹ̀yin ìyá olóúnjẹ àti ẹ̀yin onígaàrí wa ní ọjà Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ kú ọjà o. Àwọn wolé-wolé yóò yẹ ìsọ̀ wa wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀kùn sá: òfin ìpìlẹ̀ 1999 ló fi àbójútó ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ tọ́jú ìwé àyẹ̀wò ara gbogbo ẹni tó ń bu oúnjẹ, títí kan ọmọ iṣẹ́. Omi kànga tó sún mọ́ ṣáláńgá kò ṣeé fi se oúnjẹ, bó ti wù kó mọ́ lójú tó.

Ìkọ́kọrẹ́ tó bá ṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa kí ẹ tó tà á. Lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán, ńṣe ló ń mú kí kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn pọ̀ sí i. Ti ìrẹsì tilẹ̀ le jù. Bó bá sùn síta mọ́jú, májèlé tí kòkòrò inú rẹ̀ ń tú jáde lè má kú bí ẹ tún un gbé kaná. Ẹ dà á nù, ó dùn wá náà.

Ẹ bo gaàrí yín. Kíkan la mọ̀ mọ́ gaàrí Ìjẹ̀bú, kì í ṣe eṣinṣin.

Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá fún yín ní ìwé ìkìlọ̀, ẹ mú un wá bá akọ̀wé ọjà wa lọ́jọ́ náà gan-an.