Ọ̀rọ̀ Ẹrú Ló Dá Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà Sílẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó ní ọ̀rọ̀ ẹrú kọ́ ló fa ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, pé ìjà ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ àti owó ibodè ni. Kó má bínú sí mi o, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà, tó fi di ogun, fúnra wọn ò fi ọ̀rọ̀ bò. Nínú ìwé tí Mississippi, ọ̀kan nínú wọn, fi ṣàlàyé ìdí tó fi ń lọ ní 1861, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹrú níní ni àwọn dúró lé, pé kò sí ọrọ̀ tó tó o láyé.

Ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ wo tiẹ̀ ni? Àwọn ará Gúúsù yìí náà ló ní kí ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin 1850, pé bí ẹrú bá sá dé ìpínlẹ̀ tí kò gba ẹrú níní láyè, kí ará ibẹ̀ dìde bá wọn mú un. Ẹni tí wọ́n mú ò gbọdọ̀ sọ tẹnu rẹ̀. Bí kọmíṣọ́nà tó gbọ́ ẹjọ́ bá dá a padà fún olówó rẹ̀, dọ́là 10 ni yóò gbà. Bó bá tú u sílẹ̀, dọ́là 5. Ibi tó máa ń dùn mí jù nìyẹn.

Ní oṣù Karùn-ún 1854, wọ́n mú Anthony Burns ní Boston, ọ̀dọ́mọkùnrin tó sá wá láti Virginia. Ó ṣì wà látìmọ́lé nígbà tí Ààrẹ Franklin Pierce buwọ́ lu òfin tó ṣílẹ̀kùn fún ẹrú níní ní Kansas àti Nebraska, ilẹ̀ tí àdéhùn 1820 ti kà á léèwọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, àwọn sójà tò láti kóòtù dé èbúté kí wọ́n lè dá Burns, ẹnì kan ṣoṣo, padà sóko ẹrú. Àwọn ará ìlú ta aṣọ dúdú sójú fèrèsé. Wọ́n gbé pósí kọ́ sókè títì, “Òmìnira” ni wọ́n kọ sí i lára.

Oníṣòwò ńlá kan níbẹ̀, Amos Lawrence, kọ̀wé pé àwọn sùn lálẹ́ bí èèyàn jẹ́jẹ́, ilẹ̀ mọ́, àwọn ti di ọ̀tá ẹrú níní paraku. Ó náwó fún àwọn tó ń lọ tẹ Kansas dó kó má bàa di ilẹ̀ ẹrú, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ìlú Lawrence. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 1856, àwọn agbèjà ẹrú níní ya bo ìlú náà, wọ́n dáná sun ún níbi tí wọ́n lè sun. Lọ́jọ́ kejì, aṣòfin Preston Brooks láti South Carolina fi ọ̀pá lu Charles Sumner, sẹ́nétọ̀ tó ń tako ẹrú níní, nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà títí ẹ̀jẹ̀ fi bò ó, nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ lórí Kansas. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ohun tí Abraham Lincoln, tí wọ́n dìbò yàn sípò ààrẹ ní 1860, ṣèlérí ò ju pé kí ẹrú níní má tàn dé ilẹ̀ tuntun. South Carolina ò dúró kí Lincoln gorí àlééfà tó fi ya kúrò. Ní oṣù Kẹrin 1861, ìbọn dún ní Fort Sumter, odi ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ní South Carolina, ogun sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ogun tó kú lé ní 600,000.

Ìjọ àwọn èèyàn dúdú ní Boston ló padà ra Burns sómìnira. Ó di pásítọ̀ ní Kánádà, ibẹ̀ ló kú sí ní 1862, lẹ́ni ọdún 28, ogun ṣì ń jà. Oṣù Kejìlá 1865 ni òfin tó fòpin sí ẹrú níní jákèjádò Amẹ́ríkà tó fìdí múlẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín