Iye ọta tí ìbọn afẹ́fẹ́ ń yìn kò sí lára páálí

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ gbà mí láàyè kí n bá àwọn àgbẹ̀ kòkó àti olóko ìrẹsì ní Èkìtì sọ̀rọ̀ lórí ìbọn afẹ́fẹ́ oní-sílíńdà, èyí tí àwọn kan fi ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ lórí kòkó àti ẹ̀gà nínú ìrẹsì. Ẹni tó ń tà á á ní ọta 100 ló ń yìn kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó tán. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ó lè yìn 100 lóòótọ́, àmọ́ kí 60 nínú rẹ̀ má dé ibi tí ẹ wò. Ọta tó ń lọ síbì kan náà ló yẹ ká máa kà, ká yé ka iye ìgbà tí ìbọn dún.

Kí n tó lọ jìnnà: òfin ìbọn ní Nàìjíríà to ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ìbọn tí èèyàn kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ ọlọ́pàá. Ẹni tí kò bá tíì gbà á, ìyẹn ni kó kọ́kọ́ lọ ṣe.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ wá bí inú sílíńdà ṣe tóbi tó, iye bar tí ẹ rọ sí i (bar ni wọ́n fi ń wọn ìfúnpá, ìyẹn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì), àti iye bar tó kù nígbà tí ọta bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ẹ yọ èyí tó kù kúrò nínú èyí tí ẹ rọ, kí ẹ fi ìwọ̀n sílíńdà sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ni iye lítà afẹ́fẹ́ tí ìbọn lò, bó ṣe wà níta kí a tó fún un pọ̀. Ká ní sílíńdà cc 200 ni, ìyẹn lítà 0.2. A rọ ọ́ dé bar 200, a dúró ní bar 120. Bar 80 ló lọ. 80 lọ́nà 0.2 jẹ́ lítà 16. Bí ọta 32 bá jáde láàárín ìgbà náà, ààbọ̀ lítà ni ọta kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ẹ kọ ààbọ̀ lítà yìí síbi tí kò ti ní sọnù, torí òun lẹ ó fi mọ ohun gbogbo yòókù. Bí ẹ bá gbé sílíńdà cc 400 sí ìbọn kan náà, bar kan náà, ọta 64 ni. Ẹni tí géèjì rẹ̀ ń fi psi kà, kó mọ̀ pé bar 1 jẹ́ psi 14.5, bar 200 sì jẹ́ psi 2,900.

Ibẹ̀ náà lẹ ó ti mọ̀ pé fọ́kanáísà ò lè bá yín rọ ìbọn. Táyà ọkọ̀ kékeré ń gba psi 30 sí 35, bar méjì àti díẹ̀ péré, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rọ ọ́ kò sì lè sún géèjì ìbọn kúrò lójú kan. Sílíńdà ọ́síjìn àwọn ajórin ló wá ń wu àwọn kan, nítorí ìfúnpá tiẹ̀ ga. Ẹ má dán an wò láéláé! Ọ́síjìn tó bá pàdé òróró tàbí gíríìsì díẹ̀ lábẹ́ ìfúnpá bẹ́ẹ̀ lè gbiná fúnra rẹ̀, sílíńdà á sì bú gbàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹni tó gbé e dání. Afẹ́fẹ́ lásán ni kí ẹ rọ. Pẹ̀lú afẹ́fẹ́ náà, òróró ẹ́ńjìnnì àti gíríìsì ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kan ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Gíríìsì sílíkónì nìkan la fi ń pa àwọn rọ́bà rẹ̀.

Oríṣi ìbọn yìí méjì ló wà, ìṣòro wọn ò sì jọra. Èyí tí kò ní rẹ́gúlétọ̀, ìyẹn ohun tó ń mú kí ìfúnpá kan náà máa jáde, ló ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Òòlù kan wà nínú ìbọn tí sípíríǹgì ń tì. Bí ẹ bá yìn ìbọn, òòlù yìí á gbá fáàfù, fáàfù á ṣí fún ìṣẹ́jú bíńtín, afẹ́fẹ́ á tì ọta jáde. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà kan náà yìí ló tún ń ti fáàfù mọ́. Bí ẹ bá rọ ọ́ jù, fáàfù á le, òòlù kò ní lè ṣí i tó, ọta á sì jáde wọ́ọ́rọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé afẹ́fẹ́ ni kò tó. Á tún rọ sí i, ọta á tún falẹ̀ sí i. Ìdí nìyí tí eré ọta inú irú ìbọn yìí fi máa ń kéré níbẹ̀rẹ̀, tí yóò ga sí i bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dín kù, tí yóò sì tún já níkẹyìn nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá lágbára mọ́.

Ohun tí ẹ ń wá ni àárín yẹn. Ẹ wá ẹ̀rọ kékeré tó ń ka eré ọta, kí ẹ gbé e síwájú ẹnu ìbọn. Ọta inú agolo kan náà ni kí ẹ lò, nítorí ọta tó wúwo ju èkejì lọ á ba ìṣirò jẹ́. Ẹ rọ ìbọn dé ibi tí àwọn tó ṣe é ní kó dé, ẹ má kọjá rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ kọ ohun tí géèjì kà sílẹ̀. Ẹ máa yìn, ẹ máa kọ eré ọta kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn márùn-ún-márùn-ún, ẹ tún wo géèjì, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ká fi ọta mílímítà 5.5 tó wúwo tó gírámù 1.17 ṣe àpẹẹrẹ. Ní bar 220, ó lè bẹ̀rẹ̀ ní mítà 248 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kó dé 260 nígbà tí géèjì bá wọ 200, kó ga jù ní 270 nígbà tí géèjì wà ní nǹkan bí 160, kó sì tún já sí 260 ní 120. Ẹ mú eré tó ga jù, kí ẹ yọ ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú rẹ̀: 270 di 259. Gbogbo ọta tó bá wà láàárín 259 sí 270 lẹ lè gbára lé. Fún ìbọn yìí, bar 200 lẹ ó máa rọ, bar 120 lẹ ó sì ti dúró. Bar 20 tó wà lókè 200 yẹn, wàhálà pọ́ǹpù lásán ni, ó sì tún ń ba ọta àkọ́kọ́ jẹ́, èyí tó jẹ́ pé òun ni ọ̀kẹ́rẹ́ ń dúró fún.

Ìdí tí mo fi mú ìdá mẹ́rin ni pé, ní mítà 50, ọta tó jáde ní 259 á bọ́ sísàlẹ̀ èyí tó jáde ní 270 ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì. Ó ṣì ṣe é fara mọ́. Èyí tó jáde ní 248 á bọ́ sísàlẹ̀ ní ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀, inú ewé ló ń lọ.

Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ tó ń ka eré lè fi bébà ṣe é. Kó kán àmì dúdú 40 sórí bébà gígùn ní ìlà-ìlà, kó kọ nọ́ńbà sí wọn, kó sì gbé e kọ́ sí mítà 40 tàbí 50, kí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdájí tí afẹ́fẹ́ kò tíì máa fẹ́ ló dára. Kó gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, kó yìn ọta kan sí àmì kan ní títẹ̀léra, kó má sì fọwọ́ kan awò ìbọn rárá. Bó bá wo bébà náà lẹ́yìn rẹ̀, á rí i pé àwọn àkọ́kọ́ wà nísàlẹ̀, àwọn àárín tò dọ́gba, àwọn ìkẹyìn tún já wálẹ̀. Àwọn tó tò dọ́gba yẹn ni kó kà.

Èyí tó ní rẹ́gúlétọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Bíi ti gáàsì ìdáná ni: ohun yòówù kó wà nínú sílíńdà, ìwọ̀n kan ló ń jáde. Bí a bá tò ó sí bar 130, tí a rọ sílíńdà cc 200 dé 250, bar 120 ló wà fún iṣẹ́. Lítà 24 nìyẹn, ọta 48 ní ààbọ̀ lítà. Bí géèjì bá ti wọ abẹ́ 130, rẹ́gúlétọ̀ ò níṣẹ́ mọ́, ọta á máa já. Àwọn tó fẹ́ràn agbára á yí i sókè sí 150, wọ́n á tún fún sípíríǹgì òòlù le. Bar 100 ló kù fún wọn báyìí, lítà 20, bí ọta kọ̀ọ̀kan bá sì wá ń jẹ lítà 0.65, ọta 48 ti di 30. Fún ọ̀kẹ́rẹ́ inú oko kòkó, n ò rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Bí ọta tí ẹ kọ́kọ́ yìn láàárọ̀ bá ń lọ síbòmíì, tí àwọn tó tẹ̀ lé e sì ń lọ déédéé, ìdọ̀tí ti wọ rẹ́gúlétọ̀ tàbí kí ojú rẹ̀ ti jẹ: afẹ́fẹ́ ń yọ́ kọjá lóru, ìfúnpá sì ń ga lẹ́yìn fáàfù.

Ní ti àwọn tó ń fi í díje ní mítà 10, ọta 60 ni wọ́n ń kà fún àmì, ti ìdánwò kò sí nínú rẹ̀. Kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n tó rọ, kí wọ́n sì wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára sílíńdà bóyá ó ti kọjá.

Ooru máa ń jẹ nínú iye ọta. Bí ẹ bá yára rọ afẹ́fẹ́, sílíńdà á gbóná. Bó bá dé 45°C nígbà tí géèjì ka 250, tó sì tutù padà sí 27°C, géèjì á ka nǹkan bí 236. Bar 14 lọ́nà 0.2 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà mẹ́ta: ọta márùn-ún tàbí mẹ́fà ti lọ láìyìn. Ẹ rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ tún rọ èyí tó kù. Ó tún lè yí padà sí ewu: ìbọn tí ẹ rọ sí 250 láàárọ̀ kùtù ní 24°C, tí ẹ wá tì mọ́nú ọkọ̀ nínú oòrùn títí ó fi gbóná dé 60°C, á gun bíi 280.

Ẹni tó ń fi pọ́ǹpù ọwọ́ rọ ọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé omi. Afẹ́fẹ́ Èkìtì nígbà òjò kún fún ọ̀rinrin. Nínú lítà 16 afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 27°C, omi tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta gírámù kan, bí ẹ̀kán mẹ́fà. Bí ẹ bá fún un pọ̀ sínú sílíńdà, kò ráyè wà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rinrin mọ́, á di omi. Ẹ̀kán mẹ́fà ò jọ nǹkan, àmọ́ ẹ rò ó títí di ìgbà tí ẹ bá rọ ọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún: irin inú sílíńdà á ti dípẹtà, ìpẹtà á sì wọ fáàfù. Ẹ fi sílíkà jẹ́ẹ̀lì, àwọn hóró tó ń fa omi mu, sẹ́nu ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa afẹ́fẹ́, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti yí. Lẹ́yìn bíi 50 ìgbà tí ẹ bá fún pọ́ǹpù, ẹ ṣí ìdérí ìtúfẹ́fẹ́ kí omi tú jáde, kí ẹ sì jẹ́ kí pọ́ǹpù tutù. Ooru ló ń pa rọ́bà inú rẹ̀.

Àwọn tó lówó táńkì ńlá, tiwọn náà nìyí. Táńkì afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi fọ́nrán káábọ̀nù ṣe, lítà 6.8 ní bar 300, ìbọn cc 200 tí ẹ ń rọ láti 130 dé 250. Ìṣirò á sọ pé ìgbà 14 lẹ ó rọ ọ́ dé 250 kí táńkì fúnra rẹ̀ tó já sí 250. Bí 12 lẹ ó rí. Bí ìfúnpá bá ti ga bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í fún pọ̀ tó bí ìṣirò ṣe ní: ní bar 300, ohun tó wà nínú táńkì dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn, afẹ́fẹ́ púpọ̀ ṣì wà nínú táńkì, àmọ́ ìbọn ò ní kún dé 250 mọ́. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń yẹ irú táńkì bẹ́ẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà, ọdún 15 ni wọ́n sì ń fún ọ̀pọ̀ nínú wọn láti lò. Èyí tó bá dé ọjà wa ní tòkunbọ̀, ẹ ka ọjọ́ ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Géèjì kékeré ara ìbọn máa ń purọ́, ó lè fi bar 10 lé tàbí dín. Ẹ mú géèjì kan, tara pọ́ǹpù tàbí tara ìbọn, kí ẹ máa fi òun nìkan ka gbogbo nǹkan.

Bí ìbọn bá ń jò lóru, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí ibi tí a ti ń rọ ọ́, sí ìdí géèjì àti ihò kékeré tó wà nítòsí rẹ́gúlétọ̀. Ẹ tún kùn ún sí ẹnu ìbọn, kó má lọ́ta nínú. Bó bá hó ní ẹnu ìbọn, fáàfù ni. Ẹ má tú ìdè kankan nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ìbọn tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá ti tán pátá kì í fẹ́ gba pọ́ǹpù, nítorí òòlù ń ti fáàfù ṣí. Ẹ yọ ọta kúrò, ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fa òòlù sẹ́yìn kí ẹ tó rọ ọ́. Bó bá ti gbà á, ẹ yìn ín lófìfo sílẹ̀. Kí ó má baà dé bẹ́ẹ̀, ìbọn tí ẹ bá fẹ́ gbé pamọ́, ẹ fi bíi bar 100 sílẹ̀ nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn ni yóò máa ti fáàfù mọ́, tí eruku ọyẹ́ kò fi ní ráyè wọlé.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì