Lẹ́tà sí àbúrò mi ní Ìkòròdú, lórí orúkọ akọni tó fẹ́ sọ àwọn ajá rẹ̀

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo rí àwọn orúkọ tí o kọ ránṣẹ́ fún ọmọ ajá méjèèjì tí o fẹ́ gbé wá sí Ìgbógbó: Ògún, Cerberus, Ajax, Argos, Thor, Lísàbí, Mọremí. Inú mi dùn pé o kò fẹ́ fi Bingo mìíràn kún àwọn Bingo tó wà ládùúgbò. Àmọ́ ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ajá. Ẹnu tí yóò máa pe orúkọ náà lójoojúmọ́, àdúgbò tí yóò máa gbọ́ ọ, iṣẹ́ tí ajá náà wá ṣe: àwọn ni kí o fi yẹ orúkọ wò. Akọni lè gbayì nínú ìtàn, kí orúkọ rẹ̀ má sì bá ajá mu rárá.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú Ògún kúrò nílẹ̀. Ajá ni wọ́n fi ń bọ Ògún. A kì í gbé orúkọ òrìṣà wọ ẹran tí wọ́n fi ń bọ ọ́. Alágbẹ̀dẹ, awakọ̀ àti ọdẹ tó ń bọ Ògún kò jìnnà sí ilé rẹ, inú wọn kò sì ní í dùn bí wọ́n bá gbọ́ tí o ń jágbe pé, "Ògún, jáde níbẹ̀!" Ka Ṣàngó, Ọya àti Èṣù mọ́ ọn. Ní Ìkòròdú ní pàtàkì, má dán orúkọ awo ìlú bíi Orò, Agẹmọ, Ẹ̀lúkú tàbí Màgbó wò. Bí ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní Àgbádárìgì bá sì ní Zàngbétò, eégún tó ń ṣọ́ ìlú lóru, ló yẹ ajá tó ń ṣọ́ ilé lóru, sọ fún un pé àwọn Ògù tó ni ín níbẹ̀ ò ní í fi í ṣe ẹ̀rín.

Akọni tí kì í ṣe òrìṣà náà lè dá ìjà sílẹ̀. Lísàbí ló ṣáájú àwọn Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n gba ara wọn lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Àwọn Ẹ̀gbá yìí kan náà ló dó ti Ìkòròdú, tí ọmọ ogun fi wá láti Èkó ní 1865 láti lé wọn padà. Ayálégbé tó jẹ́ Ẹ̀gbá, tó wá gbọ́ tí ọmọ Ìkòròdú ń pe ajá ní Lísàbí, kò ní í gbà gbọ́ pé ńṣe lo fẹ́ yẹ́ akọni sí. Lásunwọ̀n ń kọ́? Ilé ọlọ́ba ló ń jẹ́ ẹ nílùú rẹ. Tìmì ṣì jẹ́ oyè ọba Ẹdẹ títí di òní. Mọremí sì fi Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, san ẹ̀jẹ́ nítorí Ifẹ̀, àìmọye ọmọbìnrin ló sì ń jẹ́ orúkọ náà. Èmi ò lè gbé e kọ́ ajá lọ́rùn.

Má rò pé mo ń dẹ́rù bà ọ́ lásán. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 2016, ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan ní Sàngó Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí pé ó sọ ajá rẹ̀ ní Buhari. Aládùúgbò tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Buhari ló fẹjọ́ sùn. Láyé àtijọ́ pàápàá, àwọn Yorùbá máa ń fi orúkọ ajá pòwe mọ́ ẹni tí wọ́n ń bá ṣọ̀tá, nítorí náà etí tó bá gbọ́ orúkọ ajá tètè máa ń bèèrè pé ta ni wọ́n ń bá wí. Kí o tó mú orúkọ kankan, bi onílé, bi àwọn ayálégbé, bi ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́nu géètì bóyá ẹnì kan wà nínú ẹbí wọn tó ń jẹ́ ẹ.

Ó ku àwọn orúkọ òkèèrè. Nínú ìtàn àwọn Gíríìkì, Cerberus ni ajá olórí mẹ́ta tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ àwọn òkú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò rántí ni bó ṣe ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó ń wọlé ló ń ju ìrù sí, ẹni tó fẹ́ jáde ló ń pa jẹ. Ṣé irú ajá tí o fẹ́ lẹ́nu géètì nìyẹn? Ajax, akọni tí apata rẹ̀ tóbi bí ògiri, dára lóòótọ́, àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé àwọn ọmọdé àgbàlá á ti sọ ọ́ di "Ajá" lásán. Lẹ́nu tiwa, Thor ń di "Tọ́ọ̀", ó sì sún mọ́ "Ó tó!" tí o máa fi dá ajá lẹ́kun gbígbó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òrìṣà tó ni àrá ni Thor lọ́dọ̀ àwọn ará àríwá Yúróòpù, òfin tí a fi yọ Ṣàngó kan òun náà.

Argos ló dùn mí jù láti gbà lọ́wọ́ rẹ. Òun ni ajá tí Odysseus, akọni Gíríìkì, fi sílẹ̀ nílé nígbà tó lọ sógun. Lẹ́yìn 20 ọdún, ọkùnrin náà padà wálé ní ìrísí alágbe, ènìyàn ò dá a mọ̀. Ajá tó ti darúgbó, tó dùbúlẹ̀ lórí ààtàn pẹ̀lú eégbọn lára, dá a mọ̀. Ó ju ìrù, ó sọ etí kalẹ̀, ó sì kú. Kò sí ìtàn ajá tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ahọ́n wa bá ti gé Argos sí "Ágò", gbogbo àlejò tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní "Àgò onílé o!" ti pe ajá rẹ nìyẹn. Ajá á sáré jáde, kò ní í rí oúnjẹ, kò ní í rí ọ, títí yóò fi di pé orúkọ náà ò ní ìtumọ̀ kankan létí rẹ̀ mọ́.

Nítorí pé ọkàn rẹ fà sí Ògún, wo Kùlán. Nínú ìtàn àwọn ará Ireland, Culann jẹ́ alágbẹ̀dẹ tó ní ajá líle kan tó ń ṣọ́ ilé àti ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Sétanta pẹ́ dé síbi àsè ní ilé alágbẹ̀dẹ yìí, wọ́n ti tú ajá sílẹ̀, ajá dojú kọ ọ́, ọmọ náà sì pa á. Alágbẹ̀dẹ káàánú ajá rẹ̀. Sétanta wá ní òun yóò máa ṣọ́ ilé náà fúnra òun títí wọn yóò fi tọ́ ọmọ ajá mìíràn dàgbà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Cú Chulainn, ajá Culann, òun sì ni akọni tó lókìkí jù nínú ìtàn wọn. Alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀, ìṣọ́ wà níbẹ̀, kò sí ará Ìkòròdú tí yóò bínú sí i. Orúkọ akọni náà gan-an gùn, ó sì le lẹ́nu. Ti alágbẹ̀dẹ ni kí o mú, kí o pè é ní Kùlán.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, ilé wa ló ti wá. O rántí ọdẹ inú àlọ́ tó wà lórí igi, tí àwọn ọ̀tá ń fi àáké gé ìdí igi náà? Orin ló fi pe ajá rẹ̀ mẹ́ta: Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì, Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé. Wọ́n gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì dé kí igi tó wó. Akọni ni àwọn ajá wọ̀nyí fúnra wọn, kò sí ọba tàbí ìdílé tó ni orúkọ wọn. Gbogbo rẹ̀ gùn jù fún ìpè ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n gé e: Kéréwú, tàbí Gbáràwé. Kọ orúkọ kíkún sínú káàdì abẹ́rẹ́, kí o máa fi gígé rẹ̀ pè é.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ kíkúrú kò ṣòro. Xenophon, ará Gíríìkì tó kọ̀wé nípa ọdẹ ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, ti sọ pé kí orúkọ ajá kúrú kó lè rọrùn láti pè, ó sì to ọ̀pọ̀ kalẹ̀, bíi Thymos, Lonche àti Porpax. Sílébù méjì ló dára jù, mẹ́ta ò burú. Kọ́ńsónáǹtì tó le bíi k, t, b, d, gb máa ń tètè wọ etí ju f, h tàbí s lọ. Àmì ohùn ṣe pàtàkì fún àwa Yorùbá ju bí àwọn ìwé òyìnbó ti mọ̀ lọ. Bí a bá ń pe ohun tó jìnnà, sílébù ìkẹyìn là ń fà gùn. Orúkọ tó bá parí sí ohùn òkè á gbé ohùn rẹ lọ: "Kùláááán!" Orúkọ bíi Tìmì, tó jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì, á rì sínú ọ̀fun rẹ kó tó kọjá ògiri. Orúkọ ajá méjèèjì ò sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ bákan náà, nítorí náà Kùlán àti Kéréwú kò lè gbé ọgbà kan. Fún akọ ní Kùlán, kí abo jẹ́ Gbáràwé. Bí o bá sì ti mọ̀ pé "come" lo máa fi ń pe ajá, yí i padà sí "Wá!", kó má baà dàpọ̀ mọ́ Kùlán.

Dán an wò kí àwọn ọmọ ajá tó dé. Tan jẹnẹrétọ̀, kí ẹnì kan dúró ní ìkángun àgbàlá, kí o pe orúkọ náà láti ẹnu géètì. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ajá máa ń dá orúkọ rẹ̀ mọ̀ bí ariwo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn bá tilẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ohùn tó ń pè é. Tí ariwo bá ti ga ju ohùn náà lọ, kò dá a mọ̀ mọ́. Kí ìyá àgbà àti ọmọ tó kéré jù nílé náà pè é. Tí àwọn méjèèjì bá pè é lọ́nà tó yàtọ̀ síra, orúkọ méjì lajá yóò gbọ́.

Tí wọ́n bá pé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tí o sì gbé wọn wálé, bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Gé ẹran bíbọ̀ sí ìwọ̀n hóró ẹ̀wà, mẹ́wàá fún ìjókòó kan, ìjókòó mẹ́ta lójúmọ́, kí wọ́n tó jẹun. Ya wọn sọ́tọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìkejì á máa wojú rẹ torí pé ìkíní wò ọ́, kì í ṣe torí pé ó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Pe orúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní kété tó bá yíjú sí ọ, sọ pé "Ó káre!", kí o fún un ní ẹran lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá yíjú, má tún un pè. Rìn sẹ́yìn díẹ̀ tàbí fi ẹnu pòṣé kó lè wò ọ́. "Kùlán, Kùlán, Kùlán" máa ń kọ́ ajá pé ìgbà kẹta ni kó tó dáhùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá, ẹ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ bọ́ sí àgbàlá, lẹ́yìn náà kí o fi okùn gígùn mítà márùn-ún mú un jáde. Má tú u sílẹ̀ nítòsí títì Ṣágámù títí yóò fi máa yíjú ní gbogbo ìgbà tí o bá pè é. Ajá tó rí mọ́tò tó dúró, ó fi ara rẹ̀ bọ Ògún ni.

Ohun tó máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni bíbá ajá wí pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ bàtà, sọ pé "Fi sílẹ̀!", má dárúkọ. Tí o bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, tàbí o fẹ́ so ó mọ́lẹ̀, tàbí dókítà ẹran wá gún un, rìn lọ bá a kí o gbé e. Bí o bá pè é wá síbi ìyà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta á sá.

Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, ti dìgbòlugi ní oṣù kẹta. Kí orúkọ inú káàdì àti èyí tó wà lára bẹ́líìtì ọrùn bára mu, kí nọ́ńbà fóònù rẹ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Fi èsì ránṣẹ́ sí mi tí ẹ bá ti fẹnu kò nílé, kí o sì gba ohùn bí ẹ ṣe ń pè wọ́n sórí fóònù. Bí ẹ ṣe ń pè wọ́n gan-an ni mo fẹ́ máa pè wọ́n tí mo bá dé lọ́dún Iléyá.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ.